Àwòrán bàbá wa kan ṣoṣo tó kù: báwo ni kí a ṣe tẹ̀ ẹ́ kí ó lè pẹ́?

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Bàbá wa re ibi àgbà ń rè lọ́dún tó kọjá, a sì ti ṣe ìnáwó ìsìnkú wọn tán. Ohun tó kù tí àwa ọmọ fẹ́ ṣe ni àwòrán ńlá kan tí a ó gbé kọ́ sí pálọ̀ ilé wọn, èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí kò bá wọn láyé yóò máa wò, tí wọn yóò sì mọ̀ pé ojú ẹni tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá nìyí.

Fọ́tò tó dára tí a rí kò ju ẹyọ kan lọ. Dúdú àti funfun ni, ilé ayàwòrán kan ní Òṣogbo ni wọ́n ti yà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì tóbi ju káàdì ìfìwéránṣẹ́ lọ. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n kọjú sí ayàwòrán tààrà, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n wọ agbádá, wọ́n sì dé fìlà abetí ajá. Pélé wọn hàn ketekete ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àmọ́ aáyán ti jẹ igun kan lára fọ́tò náà, ojú ibi tí ẹnì kan ti ká a rí sì ti là funfun gba èjìká òsì wọn kọjá.

Ohùn àwa ọmọ kò ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fẹ́ kí a lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní frameless, nítorí pé kò wọ́n, kì í sì í pẹ́ kí ó tó jáde. Àbúrò wa obìnrin fẹ́ kí a fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀ sí i kí ó lè dà bí fọ́tò òde òní. Ẹ̀rù ń ba èmi, nítorí pé pátákó flex tí a tẹ̀ fún ìsìnkú, tí a gbé kọ́ sí ojúde, ti ṣá kí ọdún tó yí po. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, orí kí ni kí a tẹ̀ ẹ́ sí? Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Ṣé ó dára kí a kun àwọ̀ sí i, kí sì ni kí a ṣe sí ibi tó ti bàjẹ́?

Atẹ̀wòrán Ìbàdàn

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ni mo fi ń jẹun, irú ìbéèrè yìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Kí ẹ tó ronú kan pákó tàbí férémù, ọ̀rọ̀ fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé bí ẹ bá tẹ fáìlì tí kò dára sórí bébà olówó iyebíye, owó yín ló ṣòfò. Ẹ má ṣe fi fóònù ya fọ́tò yẹn. Ìmọ́lẹ̀ yóò máa kọ mànà lójú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò wọ́, fóònù fúnra rẹ̀ yóò sì tún máa dán awọ ojú ènìyàn láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Sikáánà tó ní gíláàsì pẹlẹbẹ ni kí ẹ wá lọ, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi kà á tán, kí ẹ gba fọ́tò yín padà lójú ẹsẹ̀, torí pé ohun tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n fi 1200 dpi kà á, ìyẹn àmì 1200 sí ínǹṣì kan, kí wọ́n sì kà á bí àwòrán aláwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun ni, nítorí pé àbàwọ́n tó ti pọ́n rúsúrúsú máa ń rọrùn láti yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá lè rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwòrán fúnra rẹ̀.

Fọ́tò tí kò ju káàdì ìfìwéránṣẹ́ lọ máa ń tó nǹkan bí ínǹṣì 3.5 sí 5.5. Bí wọ́n bá fi 1200 dpi kà á, ẹ ó rí nǹkan bí àmì 4200 ní ìbú àti 6600 ní gígùn. Iṣẹ́ tó jọjú ń fẹ́ àmì 300 sí ínǹṣì kan, nítorí náà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ínǹṣì 12 sí 18, àmì yín yóò tó, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àmì tí sikáánà kà ló ní nǹkan nínú: ohun tí lẹ́ńsì àti bébà àtijọ́ kò gbà sílẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè rí i níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ sọ ọ́ di ńlá bí ilẹ̀kùn. Ínǹṣì 12 sí 18 kò tó ìlọ́po mẹ́rin ìbú àti gígùn fọ́tò yín, ojú Bàbá yóò ṣì mú, ẹni tó bá sì jókòó sí pálọ̀ yóò rí wọn dáadáa.

Fáìlì TIFF ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe JPEG nìkan, nítorí pé JPEG máa ń sọ díẹ̀ nù nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ṣí i, tó tún un ṣe, tó sì tún fi í pamọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp yóò fún un pọ̀, ohun tó máa dé ọwọ́ atẹ̀wòrán kò ní tó nǹkan.

Ní ti ohun tí ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sí, oríṣi ìńkì méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ aró tó yọ́ pátápátá sínú omi. Ó máa ń tàn yanran ní ọjọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ máa ń tètè jẹ ẹ́. Èkejì jẹ́ ìyẹ̀fun àwọ̀ tó kúnná gan-an tí kò yọ́, tí wọ́n kàn pò mọ́ omi; òun ni wọ́n ń pè ní pigment, òun ló sì máa ń pẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ. Kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí wọ́n fi òwú ṣe, tó nípọn, tí kò ní ásíìdì, kì í ṣe bébà tí wọ́n fi igi ṣe lásán, èyí tó jẹ́ pé ásíìdì inú rẹ̀ ló ń sọ ìwé ìròyìn àtijọ́ di pípọ́n.

Mo mọ̀ pé frameless rọ ẹ̀gbọ́n yín lọ́rùn, n kò sì bú àwọn tó ń ṣe é, torí pé èmi náà ń ṣe é fún ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí. Àmọ́ ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù ni pákó yẹn. Bí ọ̀rinrin bá wọ etí rẹ̀, yóò wú, ike tí wọ́n fi bò ó yóò máa ṣí, àwòrán náà kò sì ní ṣeé yọ kúrò lára pákó láé, nítorí pé wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tó wà nínú férémù ṣeé tú, ó ṣeé tún ṣe, ó sì ṣeé gbé sínú férémù mìíràn lẹ́yìn ogún ọdún. Ti flex kò yà mí lẹ́nu rárá: ìkéde ni wọ́n ṣe é fún, oòrùn sì ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó jẹ mí lógún jù lọ ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ibi tí aáyán jẹ àti ojú ibi tó ká kò le: ọ̀kan wà ní igun, èkejì wà lára aṣọ, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi ohun tó wà nítòsí dí i. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un dáadáa pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú. Àwọn ẹ̀rọ tó ń tún fọ́tò ṣe fúnra wọn lóde òní kò mọ pélé. Àpá tàbí ìlà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí, wọn yóò sì pa á rẹ́, wọn yóò tún ojú ṣe kí ó dán, wọn yóò sọ awọ di pupa ju bó ṣe rí lọ. Ẹ ó wá gba fọ́tò tó mọ́ tónítóní ti ọkùnrin arẹwà kan tí kì í ṣe bàbá yín. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ gba irú rẹ̀, tí wọ́n dúpẹ́, tí ẹ̀gbọ́n olóògbé wá wọlé tí wọ́n sì béèrè pé ta nìyí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé àtúnṣe náà sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò gidi, kí ẹ ka ìlà pélé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bí ìpéǹpéjú wọn ṣe rí, àti bóyá etí wọn ṣì dúró bó ṣe wà.

Bàbá Àgbà Ìlá

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ṣeun tí ẹ rántí bàbá yín. Wọ́n bí ire.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé àwòrán yẹn kí ó ku orí àti ọrùn nìkan, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń ṣe. Bí bàbá yín ṣe jókòó yẹn, ọwọ́ lórí orúnkún, agbádá tó tẹ́ rẹrẹ, ojú tó wò ọ̀kánkán, kì í ṣe pé ayàwòrán kò mọ ohun mìíràn ṣe. Bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó láti gba ìkíni nìyẹn, òun ni àwọn ayàwòrán wa sì mú wọnú iṣẹ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, wá ṣe ìwádìí nípa àwọn ayàwòrán ní ìlú wa Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàkíyèsí ìjókòó yìí gan-an. Ó tún kọ nípa àwọn ìbejì: bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán yóò ya èyí tó wà láàyè, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pa pọ̀. Àwọn ìdílé kan sì ń lo fọ́tò bẹ́ẹ̀ níbi tí ère ìbejì ì bá ti wà. Nítorí náà, fọ́tò olóògbé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri lásán lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Kí fọ́tò tó dé, àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń gbẹ́ àkó fún ẹni ńlá wọn tó bá re ibi àgbà ń rè. Ère tó tó ènìyàn ni, wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún un, wọ́n á sì gbé e káàkiri ìlú. Iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére níbòmíràn kì í sábà jọ ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ti àkó gbọ́dọ̀ jọ ẹni tó lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Atẹ̀wòrán nípa pélé fi wọ̀ mí lára. Ẹ̀rọ tó bá pa ìlà ojú rẹ́ ti pa ìdílé rẹ́, torí pé ìlà yẹn ló ń sọ ibi tí ẹni náà ti wá.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn àwòrán náà: orúkọ àbísọ, orúkọ oríkì, orílẹ̀, agboolé, ìlú tí wọ́n ti yà á àti ọdún rẹ̀. Mo mọ pálọ̀ tí àwòrán àgbà mẹ́ta wà lára ògiri rẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè dárúkọ wọn mọ́ nínú gbogbo ilé.

Ọmọ Èkìtì ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí àwọn àgbà ti sọ, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tètè bá àbúrò yín obìnrin wí lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí síbí kò ka fọ́tò ìyá mi tó jẹ́ dúdú àti funfun sí ènìyàn tó gbé ayé rí. Ìtàn àtijọ́ ni lójú wọn. Ìgbà tí a kun ẹ̀dà kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé irú aṣọ wo nìyí, ta ló hun ún, kí ló dé tí Màmá fi di gèlè wọn báyẹn. Èrò tèmi ni pé kí èyí tó wà ní pálọ̀ jẹ́ bí wọ́n ṣe yà á, kí ẹ sì kun ẹ̀dà kékeré kan fún àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá sì ní ẹbí lókè òkun, fáìlì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tẹ tiwọn níbẹ̀. Kí fáìlì yẹn má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Atẹ̀wòrán Ìbàdàn

Ẹ̀dà kékeré yẹn kò burú, n kò sì ní jiyàn lé e lórí. Kìkì pé ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ yan àwọ̀ fún yín. Bí agbádá bá hàn bí eérú nínú fọ́tò, ẹ̀rọ lè sọ ọ́ di búlúù, nígbà tó jẹ́ pé sányán ni. Èyí tó tún ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ fíìmù àti bébà àtijọ́ kì í rí àwọ̀ pupa dáadáa; ohun tó pupa máa ń ṣókùnkùn lára wọn. Àlàárì tó pupa fòò lè jáde ní dúdú kirimú bí ẹtù, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tó mọ aṣọ náà nígbà tí Bàbá ń wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ tú àpótí wọn wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Oníférémù Abẹ́òkúta

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ti bébà àti ìńkì. Èmi yóò sọ ohun tó máa ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán fara kan gíláàsì. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń gbá jọ sẹ́yìn gíláàsì, ojú àwòrán á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ yọ ọ́, ojú olóògbé ni yóò kọ́kọ́ bó. Páálí tó nípọn, tí a gé àárín rẹ̀ bí ojú fèrèsé, ni à ń fi sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ní kí ó jẹ́ páálí tí kò ní ásíìdì, kí irú rẹ̀ sì tún wà lẹ́yìn, kí pákó ẹ̀yìn férémù má baà kan bébà. Kí oníférémù yín má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ àwòrán náà káríkárí. Ìrépé bébà méjì ní etí òkè ti tó láti fi so ó rọ̀, yóò lè máa fẹ̀ kí ó sì máa súnkì bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà láti òjò sí ọyẹ́. Bí agbára yín bá ká a, ẹ ra gíláàsì tó ń dí ìtànṣán oòrùn tí ń ba àwọ̀ jẹ́. Bí kò bá ká a, ẹ kàn ṣọ́ ibi tí ẹ ó gbé e kọ́ sí.

Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán fèrèsé, ẹ má sì gbé e kọ́ sára ògiri tí òjò ń nà láti ìta. Ògiri inú, tó wà láàárín yàrá méjì, ló dára jù. Ẹ lẹ ìrépé rọ́bà kékeré sí igun méjèèjì ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn férémù kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ògiri, kí atẹ́gùn lè máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí kò sí atẹ́gùn ni àwòrán ti ń bu, ibẹ̀ náà ni ikán máa ń gbà gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ẹ bá fẹ́ nu gíláàsì, ara aṣọ ìnujú ni kí ẹ ta omi sí, ẹ má ṣe ta á sí ojú gíláàsì, torí pé yóò ṣàn wọ abẹ́ férémù.

Fọ́tò kékeré gidi yẹn ńkọ́? Ẹ má ṣe jù ú sínú àpò ike tàbí álúbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù. Àpò bébà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ gbé e pamọ́ sí ibi tó tutù tó sì gbẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ wò ó, etí rẹ̀ ni kó máa dì mú.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ka ìdáhùn yín sétí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n wa àgbà sì ti gbà pé kí a ṣe ti férémù. Àǹtí bàbá wa tó ṣì wà láàyè sọ pé àlàárì ni agbádá náà, àwọn ìyá tiwọn ló sì rà á fún Bàbá. Gbogbo wa ti rò pé ẹtù ni. A ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán pẹ̀lú oríkì wọn, a ó sì sọ fún ẹni tí yóò kun ẹ̀dà kékeré náà.

Ìbéèrè kan ló kù. Inú ọgbà ilé la sin Bàbá sí, a sì fẹ́ fi àwòrán yìí kan náà sí orí ibojì wọn. Ṣé bébà yìí lè ṣe é bí a bá fi gíláàsì bò ó?

Atẹ̀wòrán Ìbàdàn

Kò lè ṣe é. Oòrùn àti òjò yóò pa á, gíláàsì yòówù kí ẹ fi bò ó. Tánńganran ni wọ́n ń lò fún ibojì. Láti ọdún 1854 ni àwọn ará Faransé méjì ti gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń fi iná sun àwòrán mọ́ ojú tánńganran, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé: àwọ̀ tí wọ́n fi èròjà inú ilẹ̀ ṣe ni wọ́n ń lò, wọ́n á gbé e sínú iná ìléru tó gbóná gan-an títí yóò fi yọ́ wọnú dídán ojú rẹ̀, tí yóò sì di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o, nítorí pé oríṣi mìíràn wà lọ́jà tó jọ ọ́ lójú. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ aró lásán mọ́ táìsì tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn, bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán sára kọ́ọ̀bù. Inú ilé ni ìyẹn wà fún, oòrùn yóò jẹ ẹ́ bó ṣe jẹ flex yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé ṣé inú ìléru ni wọ́n ti sun ún, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀kan tó ti wà nínú oòrùn fún ọdún mélòó kan hàn yín. Ínǹṣì 5 sí 7 ti tó fún ibojì. Fáìlì TIFF yẹn náà ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì tún ka pélé Bàbá lára tánńganran náà kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ wọn.